Omi Ọkà Tí Kò Tètè Tutù

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú Baba Oníyìnyín. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ bí omi ṣe ń kún àgbá lásìkò òjò; ọ̀nà tí yóò gbà jáde ni kò sí mọ́. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a wólẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láyé sì fò lọ bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí àárín wọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu: "Ó dáa." Bí ebi bá ń pa á, ó dáa. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ó, ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un, ó la ẹnu láti ké, ohun tó jáde ni, "Ó dáa, ó dáa, ó dáa," àwọn tó wá bá a kẹ́dùn sì ń wo ara wọn lójú.

Dókítà ti ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé làákàyè ọkùnrin náà pé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń yé e. Okùn tó so ọpọlọ mọ́ ahọ́n ló já. Ìyá Ìbejì, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyàwó náà nítorí ọmọ wọn méjèèjì tó ti wà nílé ọkọ lọ́nà jíjìn, gbọ́ àlàyé yìí, ó sì wá ọgbọ́n dá sí i. Ojú ló fi ń ka ohun tí ahọ́n kò lè sọ. Bí Baba bá wí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn. Bó bá fajú ro wí i, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá wá ń wí i léraléra, tó ń fi ọwọ́ òsì lu apá àga onítáyà rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ lọ. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ, ó ṣiṣẹ́ fún oorun. Àmọ́ àgbà ọkùnrin kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan gbé ayé.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pọn bíà ló ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Wọn a rẹ ọkà sínú omi gbígbóná, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a se omi rẹ̀ kó hó. Bí wọ́n bá ti pa iná báyìí, iṣẹ́ Baba dé nìyẹn. Òun ló ń mú un tutù. Yóò ṣí omi tútù sí àwọn páìpù, yóò dúró tì í bí ìyá ọmọ tí ibà ń ṣe, yóò máa fọwọ́ kan irin, yóò máa tẹ́tí sí i, títí ohun tó ń bó ènìyàn lára yóò fi tutù bí omi kànga. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Baba Oníyìnyín. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ a máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá ti kúrò níbẹ̀: "Omi ọkà tó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, ilé tí kò nílẹ̀kùn ni! Kí onílé tó wọlé, olè ti jókòó!" Olè tó ń wí yìí, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé, orí ìka ọwọ́ ló ń gbé. Ìwúkàrà tí wọ́n máa ń dà sí i kó lè di ọtí sì ni onílé.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ìkòkò ńlá kan, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ká páìpù bàbà jọ bí ejò tó ń sùn, kó lè máa pọn díẹ̀ nílé fún ara rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́. Ìyá Ìbejì ní irọ́ ni.

"Ọtí ló jẹ bàbá tó bí mi run," ló wí. "Èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe níbi iṣẹ́, mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ilé tí mò ń gbé kọ́ lẹ ti máa pọn ọn."

Baba kò bẹ̀rù ọ̀gá kankan rí, omijé obìnrin yìí nìkan ló ń bẹ̀rù. Ló bá gbé ìkòkò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi páìpù kọ́ sára ògiri yàrá ẹrù tó wà lẹ́yìnkùlé, kò sì mẹ́nu kàn án mọ́. Ìyá Ìbejì rò pé ìfun fíríìjì àtijọ́ kan ni.

Ìgbà tí àìsàn wá dé, nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó ti bá a pe "omi, omi, omi" títí tó rẹ̀ wọ́n, ó yíjú sí ìyàwó.

"Màmá, kí ni Bàbá mọ̀ ọ́n ṣe jù kí èyí tó dé? Ohun tí imú àti ọwọ́ bá ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, ó máa ń jí ahọ́n nígbà mìíràn."

Ìyá Ìbejì sin nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà, ó wọ yàrá lọ. Láti orí àga, Baba gbọ́ tí nǹkan kan ń ha ilẹ̀ bọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gàrà, gàrà. Ó rò pé etí òun ń parọ́ fún òun. Ìgbà tí obìnrin náà yọ, ìkòkò ló gbé máyà, eruku bo gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀.

"Màá pọn ọn fún yín," ló wí. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní màá pọn ọn."

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ló bá wọn wá ohun èlò. Abẹ́ Baba ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ṣì wà nílé iṣẹ́ ọtí náà. Ó kó ọkà lílọ̀ wá, òdòdó gbígbẹ tó máa ń mú ọtí korò, àti ìwúkàrà nínú bébà. Ó ń kánjú, wọ́n ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́.

"Ẹ rẹ ọkà sínú omi gbígbóná, Màmá, ẹ má jẹ́ kó hó. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi rẹ̀ kaná, kó wá hó dáadáa, ẹ da òdòdó yìí sí i. Tó bá ti hó tán, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ da ìwúkàrà lé e. Ó parí."

"Ó parí náà nìyẹn?"

"Ṣé ẹ̀yin náà ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi mí ni? Odidi ìyàwó Baba Oníyìnyín!"

Baba gbọ́ "ẹ jẹ́ kó tutù". Ó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Ìyókù kò wá. Ó fẹ́ pariwo pé, ìwọ ọmọ yìí, kíákíá! Sọ fún un pé kíákíá ni! Ẹnu rẹ̀ là.

"Ó dáa! Ó dáa!"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i bí inú Baba ṣe ń dùn?" Ló bá bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n pọn ọn, Ìyá Ìbejì ti àga ọkọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Òórùn ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn kan tó fẹ́ jọ ti búrẹ́dì, tó fẹ́ jọ ti ilé iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Baba mí kanlẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú bàtà rọ́bà, ó rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nǹkan kan sì mira lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bí ọmọ tó ń yí nínú ìyá.

"Ọ... ọ..." ló wí. Lẹ́yìn náà, "ọ... kà."

Igi ìrokà bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó sáré wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ojú rẹ̀ mú. "Ẹ tún un wí! Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí!" Kò lè tún un wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bo àwọn méjèèjì lójú, wọ́n sì ń sunkún pọ̀ bí ọmọdé tó jọ sọnù lójà tí wọ́n sì jọ rí ara wọn he.

Ìkòkò hó títí àkókò rẹ̀ fi pé. Ìyá Ìbejì pa iná.

Baba tẹ́tí. Ariwo omi ni etí rẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń tẹ̀ lé pípa iná, omi tútù tó ń sáré nínú páìpù, irin tó ń ké. Kò gbọ́ ọ. Ìdérí ìkòkò ló gbọ́, gbàù. Obìnrin náà fi àkísà aṣọ di ìkòkò mú, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó wá mú aṣọ ìbora kan, ó fi wé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí eruku má bàa wọlé. Ó wé e bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wé ọmọ tuntun nínú òtútù. Ó nu ọwọ́.

"Ó di ìgbà tó bá tutù."

"Ó dáa!" ni Baba wí. Ó lu apá àga. "Ó dáa! Ó dáa! Ó dáa!"

"Ẹ fẹ́ tọ̀? Mo ń bọ̀."

Ó tì í dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó gbé e dìde, wọ́n dúró níbẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó tì í padà. Baba na ọwọ́ òsì sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, síbi yàrá ẹrù, síbi tí páìpù rẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an sì ni yàrá ẹrù náà wà. Ìyá Ìbejì tún tì í lọ. Kò tún sí nǹkan.

"Àbí inú ló ń run yín?"

Ó fajú ro. "Ó dáa." Ó fi ọwọ́ han ìkòkò.

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Ẹ ṣe sùúrù. Ọtí kì í yára jinná, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó fi ọwọ́ pa á lórí. Òjò ń ṣú, aṣọ sì wà lórí okùn níwájú ilé, ó sáré lọ ká wọn.

Baba wo ìkòkò tí wọ́n wé náà. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ìkòkò náà. Ooru ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀lẹ ooru, ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Tí òun bá lè mú páìpù náà dé ibẹ̀, tí òun bá gbé e lé orí ìkòkò, tí òun fi ọwọ́ han ẹ̀rọ omi, yóò yé e. Obìnrin náà kì í ṣe òpònú. Ó fi ọwọ́ òsì yí táyà, ó fi ẹsẹ̀ òsì wọ́ ilẹ̀, àga ń yí bíríbírí bí ọkọ̀ ojú omi tó ní àjẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe jà títí ó fi dé yàrá ẹrù. Ilẹ̀kùn kò tì. Páìpù bàbà wà lórí ìṣó rẹ̀, ó ga ju ìjókòó lọ díẹ̀. Ó gbá apá àga mú, ó fi ẹsẹ̀ kan dìde. Ó dìde! Ìka rẹ̀ kan bàbà tútù náà. Ó fà á.

Ìṣó já. Páìpù bọ́ lù ú níwájú orí, àga sá lẹ́yìn rẹ̀, Baba sì lọ sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ láti iwájú ilé. Ó da aṣọ sílẹ̀. Ó bá a láàárín agolo àti igi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, ó sì di páìpù mọ́ àyà.

"Yé! Mo gbé! Kí lẹ wá ṣe níbí? Kí lẹ fẹ́ fi irin játijàti ṣe?"

"Ó dáa," ni Baba ń wí, ó ń ti páìpù náà sí i. "Ó dáa, ó dáa."

"Kò dáa! Kò dáa rárá! Ṣé ẹ fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ó já páìpù náà gbà, ó jù ú sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló ń bínú lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe òun. Ó pe aládùúgbò kan, wọ́n jọ gbé Baba wọlé, wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n dì í. Ìyá Ìbejì wá padà lọ fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá ẹrù.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó rántí ìkòkò. Ó tú aṣọ ìbora, ó ṣí ìdérí, ó ti ìka bọ̀ ọ́ láti wò ó. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó tún wé e. Baba dijú. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ló tó tutù, obìnrin náà rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó da ìwúkàrà lé e, ó sì wá fi ohùn ayọ̀ sọ fún un pé iṣẹ́ ti parí.

Ìró tó jáde lẹ́nu Baba lẹ́bàá iná kò tún padà wá. Nọ́ọ̀sì gbìyànjú, ó gbé ọkà gbígbẹ sí i lábẹ́ imú. "Ó dáa," ni Baba wí, ó sì gbójú kúrò.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ti mú ìrètí lọ́wọ́, kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ìfófòó rú nínú kẹ́ẹ̀gì, obìnrin náà ń yọ̀. Ó pe àwọn ìbejì lórí fóònù: "Bàbá yín sọ̀rọ̀ o! Ẹ jẹ́ kí ọtí yìí gbó ná, ẹ máa rí i!" Baba gbọ́ gbogbo rẹ̀ nínú yàrá. Imú rẹ̀ tún gbọ́ ohun mìíràn. Òórùn búrẹ́dì ti lọ. Òórùn ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n dé mọ́jú ló dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn kíkan. Obìnrin tí kò fi ọtí kan ẹnu rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ó lè jẹ́ pé bí bíà ṣe ń rùn lójú rẹ̀ nìyẹn látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ ìtọ́wò pé. Ó wẹ ọkọ rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un, ó lọ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó da ọtí náà sínú gíláàsì méjì. Ó rí bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ìfófòó rẹ̀ kò ju ìtọ́ lọ. Ó fi gíláàsì sí Baba lọ́wọ́ òsì, ó sì jókòó síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ra bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Baba mu ún. Ó kan, ó tún ní adùn àjẹkù kan lẹ́yìn. Ọ̀fun rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó fi agídí gbé e mì. Ó tún mu, ó mu ún tán, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ ohun tó fẹ́ sọ gẹ́lẹ́. Irọ́ sì ni.

Omi lé sójú Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ti gbé tirẹ̀ sẹ́nu, kò sì rí wọn. Ó tu ú padà sínú gíláàsì.

"Háà! Màmá, kí ló ṣe é? Báwo lẹ ṣe mú un tutù?"

"Mo gbé e sílẹ̀, ó sì tutù fúnra rẹ̀. Àbí kí lo ní kí n ṣe?"

"Fúnra rẹ̀ kẹ̀? Bóo ni! Kíákíá ni wọ́n ń mú un tutù! Ṣé ẹ ò lo páìpù Baba ni? Páìpù bàbà tí wọ́n ká? Inú ìkòkò lẹ máa tì í bọ̀, ẹ ó so rọ́bà mọ́ ọn, omi ẹ̀rọ á máa gba inú rẹ̀ kọjá..." Ó ti rí ojú obìnrin náà. "Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láyé wọn kọ́ nìyẹn? Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ojú àpá tó wà níwájú orí ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ń wò. Ó wò ó pẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Baba náà, ó sì yọ́ jáde bí ẹni tó fọ́ àwo nílé àna.

Obìnrin náà da ìyókù ọtí sí gọ́tà, títí kẹ́ẹ̀gì fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló wá fa àpótí sún mọ́ àga onítáyà.

"Ẹ̀ ń wí, mi ò gbọ́," ló wí. "Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń jí lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mi ò bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí lẹ̀ ń lọ ṣe. Mo ń gbọ́ Oníyìnyín, Oníyìnyín, mo rò pé wọ́n ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ ni." Ó gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. "Ẹ sọ fún mi. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ yá? Kí ló máa ń ṣe é?"

Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, kò bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìdáhùn sì wà. Ó tò sínú Baba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ti olè àti onílé, ti bí omi ọkà ṣe máa ń mọ́ gaara tí òtútù bá kàn án lójijì, ti òórùn tí ooru máa ń há mọ́ inú rẹ̀, ti òwúrọ̀ kan tí omi ẹ̀rọ lọ tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ fi korobá gbé yìnyín títí tí ọwọ́ wọn fi kú tipiri, tí wọ́n ń kọrin. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún un. Kò sí ohun tó tún wù ú láyé ju kó sọ ọ́ fún un.

Ó mọ ohun tí ẹnu òun yóò sọ bí òun bá là á. Kò là á.

Ìyá Ìbejì dúró. Ó ń wo ètè rẹ̀. Ó dúró títí ọwọ́ tó fi di tirẹ̀ mú fi ń làágùn, ó wá dìde lọ fọ àwọn gíláàsì.

Láti ọjọ́ náà, Baba kò sọ gbólóhùn yẹn mọ́, kò sì sọ òmíràn. Dókítà wò ó, ó ní àìsàn náà kò pọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì wá fúngbà díẹ̀, ó bá ògiri sọ̀rọ̀ títí, òun náà kò wá mọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kó ọkà mìíràn wá, ó ní òun yóò dúró tì wọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọn yóò mú un tutù bó ṣe yẹ. Ìyá Ìbejì ti àga dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Baba fi ẹsẹ̀ òsì ti ilẹ̀ títí àga fi yí, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n pa iná. Ìyá Ìbejì tì í padà sójú fèrèsé yàrá, ó tẹ́ aṣọ lé e lẹ́sẹ̀, ó jókòó tì í, kò sì bi í ní nǹkan kan.